Mo fẹ́ ṣe géèmù ẹlẹ́rù nínú rélùwéè tó ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ayàwòrán-Adó:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Adó-Èkìtì ni mo ń gbé, àwòrán orí kọ̀ǹpútà sì ni iṣẹ́ mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ géèmù kékeré kan tí mo fẹ́ kó ní irú ìbẹ̀rù tó wà nínú àwọn géèmù PlayStation àkọ́kọ́, èyí tí kì í ṣe pé nǹkan kàn ṣàdédé fò síni lójú, bí kò ṣe pé ara ẹni kò balẹ̀ rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú rélùwéè tó ń sáré gan-an ni gbogbo rẹ̀ yóò ti ṣẹlẹ̀, lóru, irú èyí tó máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá dé kọ́ọ̀nà.

Ìṣòro mi ni pé ojú irin kò gba Èkìtì kọjá, n kò sì tíì wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń tẹ̀ àti ohun tí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ń rí, kí n má baà ya ohun tí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi mí rẹ́rìn-ín. Mo sì tún fẹ́ mọ ohun tó fà á gan-an tí àwọn géèmù àtijọ́ wọ̀nyẹn fi ń dẹ́rù bani ju tòde òní tí àwòrán wọn mọ́ kedere lọ. Kọ̀ǹpútà mi kò lágbára púpọ̀, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ra òmíràn.

Olùkọ́-Ìkẹ́rẹ́:

Àbúrò mi, o káre. Físíìsì ni mo kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà jẹ́ kí n mú ti rélùwéè. Àwọn ọ̀dọ́ yóò mú ti géèmù.

Bí ọkọ̀ bá ń sáré yí kọ́ọ̀nà, ara èrò inú rẹ̀ fẹ́ máa lọ tààrà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣe wọ́n bíi pé ẹnì kan ń tì wọ́n síta. Àwọn tó ń ṣe ojú irin máa ń gbé irin tó wà lóde kọ́ọ̀nà ga ju èyí tó wà nínú lọ, kí gbogbo ọkọ̀ lè tẹ̀ sínú díẹ̀, ṣùgbọ́n gíga náà ní ààlà, torí pé ọkọ̀ ẹrù tó ń rọra lọ àti ọkọ̀ tó dúró sójú kan tún ń lo kọ́ọ̀nà yẹn kan náà. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 200 ní wákàtí kan, lórí kọ́ọ̀nà tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ mítà 1,500, nílò kí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ tó nǹkan bíi dígírì 12 kí èrò má baà mọ kọ́ọ̀nà náà lára rárá. Bí wọ́n bá gbé irin òde ga ní mílímítà 150 lórí ojú irin tó fẹ̀ bíi ti ìlà Èkó sí Ìbàdàn tuntun, kò ju bíi dígírì 6 lọ. Dígírì 6 tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ní kí kóòṣì, ìyẹn yàrá gígùn tí èrò ń jókòó sí, fúnra rẹ̀ tẹ̀ lórí táyà irin rẹ̀ láti fi dí i.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì mú níbí. Kì í ṣe torí kí ọkọ̀ má baà dojú dé ni wọ́n ṣe mú un máa tẹ̀, nítorí eré tí èrò yóò ti máa kígbe lórí ìjókòó kéré gan-an sí eré tí ọkọ̀ yóò fi ṣubú. Torí ara èrò nìkan ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe kó lè tan ara ènìyàn jẹ ni, mo sì rò pé ibẹ̀ ni géèmù rẹ ti lè rí oúnjẹ jẹ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà ń ṣe é. Ní ọdún 1973, àwọn ará Japan gbé ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní 381 sójú ọ̀nà àárín òkè láti Nagoya sí Nagano. Orí rólà ni wọ́n gbé kóòṣì rẹ̀ lé, tí ipá kọ́ọ̀nà fúnra rẹ̀ fi ń fì í, ó sì lè tẹ̀ tó dígírì 5. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò tètè dáhùn, bó bá sì máa dáhùn, ṣe ló ń fì lẹ́ẹ̀kan náà, ni òòyì bá ń kọ́ èrò. Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ̀rọ máa ti kóòṣì: sẹ́ńsọ̀ yóò mọ̀ pé kọ́ọ̀nà ti dé, ẹ̀rọ yóò sì gbé e. Báyìí ni ọkọ̀ Pendolino ti àwọn ará Ítálì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988 ṣe ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni X2000 ti Sweden ní 1990, àti Pendolino tó ń ná Lọ́ńdọ̀n sí Glasgow, èyí tó lè tẹ̀ tó dígírì 8. Ní erékùṣù Shikoku ní Japan, láti 1989, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ti mọ gbogbo kọ́ọ̀nà ọ̀nà náà sórí, nítorí náà ọkọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kí kọ́ọ̀nà tó dé.

Ọmọ-Aláàyè:

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìwàràjà wá sí Ẹ̀fọ̀n nínú bọ́ọ̀sì tó kún, tí awakọ̀ kò sì bìkítà, kò nílò físíìsì kankan. Ó yẹ kí Ayàwòrán-Adó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ láti Àrámọkọ lọ, kó dijú fún kọ́ọ̀nà mélòó kan, kó sì wá lajú. Yóò rí i pé ìgbà tí ojú bá ń sọ nǹkan kan, tí ikùn ń sọ òmíràn, ni èébì máa ń gbéni.

Olùkọ́-Ìkẹ́rẹ́:

Ọmọ-Aláàyè, ìwọ gan-an lo sọ̀rọ̀. Ohun tí o sọ yẹn ló kó àwọn ará Ìlú Ọba sí wàhálà. Iléeṣẹ́ British Rail ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní APT. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1979, ó sá tó kìlómítà 261 ní wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n wá gbé èrò sínú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1981, òtútù mú un, ẹ̀rọ ìtẹ̀ rẹ̀ ń kọṣẹ́, òòyì sì ń kọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fà á sẹ́yìn.

Ní ti òòyì yẹn, ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé nígbà tí ẹ̀rọ náà kò bá kọṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó pa gbogbo ipá kọ́ọ̀nà rẹ́, débi pé inú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ara ti ń mọ ìdúró àti ìtẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ojú ń wo fèrèsé, ó sì ń rí i tí ilẹ̀ ń dìde. Ẹni tó jókòó sí apá inú kọ́ọ̀nà á rí kìkì ilẹ̀, ẹni apá òde á rí kìkì ojú ọ̀run, tíì tó wà níwájú àwọn méjèèjì kò sì mira nínú ife. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tún un ṣe ni pé kí wọ́n má pa ipá náà tán mọ́, kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ara lè mọ̀ pé òun ń yí.

Òru-Ò-Mọlọ́wọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olùkọ́. Èmi ni kí n mú ti géèmù, Ọ̀yẹ́ ni mo wà.

Ọ̀rẹ́ mi Ayàwòrán, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí o mọ̀ ni pé àìní ló bí púpọ̀ nínú ìbẹ̀rù yẹn. PlayStation àkọ́kọ́ kò ní ju mẹ́gábáìtì 2 lọ fún iṣẹ́ rẹ̀, àti 1 fún àwòrán. Nígbà tí iléeṣẹ́ Capcom ṣe géèmù Resident Evil ní 1996, wọn kò lè ya ilé ńlá tó ti ṣẹlẹ̀ láàyè bí ẹni ń rìn nínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n ti ya ẹ̀yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kan kámẹ́rà mọ́ ojú kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Géèmù Alone in the Dark ti 1992 ló ti la ọ̀nà náà sílẹ̀. Ohun tó yọrí sí ni pé ìwọ kọ́ lo ń yan ohun tí wàá rí. O gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀nà ilé, o mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kọ̀, kò yíjú síbẹ̀, àfi kí o rìn wọ inú ohun tí o kò rí. Páàdì náà tún mú kí ẹni inú géèmù wúwo: bí o bá tẹ òkè, ibi tó kọjú sí ló ń lọ, kì í ṣe òkè ojú tẹlifíṣọ̀n, tí o bá sì fẹ́ sá, o ní láti kọ́kọ́ yí i padà. Àwọn kan ní àìmọ̀-ọ́n-ṣe ni. Èmi kò gbà. Ìgbà tí mo bá lè yí padà kíákíá bí ológbò ni ẹ̀rù kì í bà mí mọ́.

Ilẹ̀kùn tó ń ṣí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárín yàrá sí yàrá, ẹ̀rọ ń ka díìsìkì lẹ́yìn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àyà rẹ á máa já títí tí yóò fi ṣí tán. Géèmù Silent Hill ti 1999 ní tirẹ̀ kò fi àwòrán tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ ṣe ìlú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ kò lè ya ọ̀nà jíjìn. Wọ́n fi kùrukùru àti òkùnkùn bo ibi tí agbára rẹ̀ mọ, wọ́n wá fún ọ ní tọ́ọ̀ṣì kékeré àti rédíò tó máa ń han gooro bí nǹkan búburú bá sún mọ́ tòsí. Etí rẹ mọ̀, ojú rẹ kò mọ̀. Ìyẹn nìkan tó láti mú kí ara ènìyàn bù máṣọ.

Lẹ́yìn náà ni ògiri tó ń gbọ̀n. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ ìdá kékeré nínú ìṣirò ibi tí igun àwòrán kọ̀ọ̀kan yóò wà, nítorí náà igun kọ̀ọ̀kan ń fò láti ojúkò kan sí èkejì bí kámẹ́rà bá sún. Kò sì mọ bí a ṣe ń na àwòrán ojú ògiri kó bá ọ̀ọ́kán àti ìtòsí mu, ìdí nìyẹn tí ìlà ilẹ̀ táìlì fi ń wọ́ bí o bá sún mọ́ ọn. Àwọn tó ń ṣe àfarawé lóde òní fẹ́ràn láti da èyí lé géèmù wọn lórí, wọ́n á fi kùrukùru kún un, wọ́n á ní ó ti parí. Kò parí o. Bí o bá fún mi ní kámẹ́rà tí mo lè yí síbi gbogbo, ògiri lè gbọ̀n títí ilẹ̀ á fi mọ́, n kò ní bẹ̀rù.

Fún ìwọ tí kọ̀ǹpútà rẹ kò lágbára, èrè lèyí jẹ́. Fi Blender tí wọ́n fi ń ya àwòrán ya kóòṣì rẹ, gbé e sínú Godot tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. Jẹ́ kí ojú àwòrán jẹ́ ojúkò 320 ní 240, kí o sì fi ìṣirò kékeré kan mú kí igun àwọn nǹkan máa fò láti ojúkò kan sí èkejì bíi ti ìgbà yẹn. Ní ti ìtẹ̀, èmi ní tèmi ì bá tẹ gbogbo àwòrán ní dígírì 8 nígbàkígbà tí kọ́ọ̀nà bá dé, kí ẹni tó ń ṣe é lè mọ̀ ọ́n lára.

Olùkọ́-Ìkẹ́rẹ́:

Òru, ó dára tí o fi etí àti ojú ya ara wọn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ìkẹyìn yìí ni kí o gbà mí láyè kí n takò. Ẹni tó jókòó sórí àga nílé rẹ̀ ní Adó, tí ojú rẹ̀ ń rí ayé tó ń tẹ̀, tí ara rẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan, ipò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èrò inú APT ní 1981. Òòyì ni yóò kọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀rù. Yóò gbé páàdì sílẹ̀, yóò lọ wá omi mu. Yàtọ̀ sí èyí, òótọ́ kọ́. Kámẹ́rà tí wọ́n kàn mọ́ òrùlé kóòṣì ń bá kóòṣì tẹ̀ pọ̀ ni, nítorí náà kóòṣì kò ní hàn pé ó tẹ̀ rárá. Ìta ni yóò tẹ̀.

Òru-Ò-Mọlọ́wọ̀:

Mo gbà fún yín, sà. Ó tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀. Àwòrán á dúró ṣinṣin, iná ìlú tó wà lẹ́yìn fèrèsé á sì máa lọ sókè, títí gíláàsì á fi dúdú tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe òjìji ẹni tó ń ṣe géèmù.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kan wà tí mo fẹ́ kó wà: èyí tó dúró sẹ́nu ọ̀nà láàárín kóòṣì méjì, tí ilẹ̀kùn ṣí, tó ń wo gbogbo ọkọ̀ títí dé ìdí. Ṣé kì í ṣe pé kóòṣì iwájú ló kọ́kọ́ ń dé kọ́ọ̀nà?

Olùkọ́-Ìkẹ́rẹ́:

Bẹ́ẹ̀ ni. Kóòṣì kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ nígbà tirẹ̀. Bí o bá dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, wàá rí férémù ilẹ̀kùn kóòṣì iwájú tó wọ́ kúrò ní ìbámu pẹ̀lú tìrẹ, wàá rí i tí tìrẹ náà lọ bá a, tí èyí tó wà níwájú sì ti ń padà sípò.

Ayàwòrán-Adó:

Ẹ ṣeun gan-an ni, orí mi wú bí mo ṣe ń ka èyí. Tí mo bá wá mú ẹnì kan dúró ní kóòṣì tó jìnnà jù lọ, tí kóòṣì náà tẹ̀, tí àwọn ìjókòó tẹ̀, tí òun nìkan kò sì tẹ̀ ńkọ́?

Ìbéèrè mi mìíràn ni ife. Mo fẹ́ fi ife omi kan sórí tábìlì kékeré ẹ̀yìn ìjókòó. Báwo ni omi rẹ̀ ṣe yẹ kó ṣe?

Olùkọ́-Ìkẹ́rẹ́:

Ife yẹn ni kí o fi ṣe ohun pàtàkì jù lọ nínú géèmù náà, torí pé òun nìkan ni kì í parọ́. Ní kọ́ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ojú omi yóò bá tábìlì dọ́gba bó ti wù kí ìta tẹ̀ tó. Kìkì ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ara láti mọ̀ ni yóò jẹ́ kí omi gun ẹ̀gbẹ́ ife tó kọjú sí òde kọ́ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí kóòṣì bá tẹ̀ lójú irin tó gún tààrà, tàbí tí ọkọ̀ dúró tí kóòṣì sì há sípò ìtẹ̀, omi yóò ṣàn sí apá tó rẹlẹ̀. Kọ́ ẹni tó ń ṣe géèmù náà ní òfin yìí ní ìdákẹ́jẹ́, fún kọ́ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sójú àwòrán. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí kóòṣì tẹ̀ níbi tí kò sí kọ́ọ̀nà. Fèrèsé dúdú, kò lè sọ nǹkan kan fún un. Omi ni yóò sọ fún un.

Ní ti ẹni tó dúró tí kò tẹ̀, ó dára gan-an, àmọ́ má jẹ́ kó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Agbóhùn-Ìkọ̀lé:

Gbogbo yín ti gbàgbé ohùn. Ẹ má fi ìró irin tó ń sọ gbàgà-gbagà sínú ọkọ̀ yìí o. Ibi tí irin ti pàdé irin, tí àlàfo wà láàárín wọn, ni ìró yẹn ti ń wá. Lórí àwọn ọ̀nà tí ọkọ̀ tó yára ń gbà lónìí, wọ́n ti jó irin pọ̀, ohun tí èrò ń gbọ́ kò ju ìró kan ṣoṣo tó ń lọ wuuu láìdáwọ́ dúró. Ìyẹn náà ló yẹ kó wà títí, kí etí fi gbàgbé rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ni kí gbàgà-gbagà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Fún ìró ọkọ̀, kò sí ohun tí wàá rà. Gbé fóònù sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé kan lálẹ́, sí apá ògiri kì í ṣe sí ẹnu èéfín, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì fà á gùn títí tí yóò fi rẹlẹ̀ sí ìdajì. Ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tó ń yí lọ sí ìdákẹ́jẹ́, dára fún ìgbà tí ọkọ̀ bá ń dẹwọ́ eré. Akira Yamaoka tó ṣe ohùn Silent Hill fi ariwo irin àti ti ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ju orin aládùn lọ, ìdí nìyẹn tí ènìyàn kì í fi mọ̀ bóyá orin ni òun ń gbọ́ tàbí ilé ló ń dún. Fi ìró kékeré kan, bí ẹni fa èémí, sábẹ́ ilẹ̀ kóòṣì ṣáájú ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá yá, ìró yẹn nìkan á tó.

Ọmọ-Aláàyè:

Ibo ni ọkọ̀ náà ń lọ gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀n. Ṣé kò lè wá sí ọ̀dọ̀ wa?

Olùkọ́-Ìkẹ́rẹ́:

Ó lè wá, kò sì ní jẹ́ irọ́ tó jìnnà. Ọkọ̀ tó ń tẹ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n ti la ojú irin tuntun tó gún. Ti ọ̀nà àtijọ́ tó kún fún kọ́ọ̀nà ni. Ojú irin àtijọ́ tiwa tó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà kọjá lọ sí Ìlọrin, mílímítà 1,067 ni fífẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni fífẹ̀ ojú irin tí 381 ti Japan ń gbà láàárín òkè. Nítorí náà, ẹni tó bá ro ẹ̀ka kan tó yà ní Òṣogbo, tó gun òkè Ẹ̀fọ̀n, tó sì gba Àrámọkọ wọ Adó, kò ṣe ohun tí ẹlẹ́rọ yóò fi í ṣẹ̀sín. Eré rẹ̀ ni kí o dín kù: kìlómítà 120 tàbí 130 ni kí o pè é, má pè é ní 200 lórí irin tóóró bẹ́ẹ̀.

Òru-Ò-Mọlọ́wọ̀:

Rélùwéè dára fún irú géèmù yìí. Inú ọkọ̀ ojú irin ni Resident Evil Zero ti 2002 ti bẹ̀rẹ̀, kò sì síbi tí èèyàn lè sá sí. Má ṣe kóòṣì tó ju márùn-ún lọ. Jẹ́ kí ibi tí èèyàn ti lè tọ́jú ibi tó dé ṣọ̀wọ́n, bíi ti rìbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inú Resident Evil, tí èèyàn kò lè tọ́jú ibi tó dé láìní in, kí ẹni tó ń ṣe géèmù lè ní nǹkan tí yóò pàdánù.

Ayàwòrán-Adó:

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òṣogbo sí Adó ni yóò jẹ́. Màá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kóòṣì àkọ́kọ́, ife náà, fèrèsé méjì àti kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà. Agbóhùn-Ìkọ̀lé, ṣé ẹ lè bá mi wo ohùn jẹnẹrétọ̀ náà bí mo bá ti gbà á sílẹ̀?

Agbóhùn-Ìkọ̀lé:

Fi ránṣẹ́. Gbà á sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan tí ẹrù wà lórí jẹnẹrétọ̀ àti ní ẹ̀ẹ̀kan tí kò sí, ohùn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Olùkọ́-Ìkẹ́rẹ́:

Bí kóòṣì kan ṣoṣo yẹn bá ti ṣe é wò, gbé e wá síbí kí a dán an wò kí o tó fọwọ́ kan àwọn yòókù. Omi inú ife ni màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò.